Ìwé Ìwọ̀n Kan Náà, Aṣọ Ẹgbẹ́ Méjì

Lẹ́tà mẹ́ta la yàn nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì gbé wá: ìṣèlú ẹgbẹ́ méjì tó ti sú àwọn ènìyàn. A gé wọn kúrú díẹ̀, a kò sì tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni jáde, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ wọ́n fẹ́.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń rán, ó sì ti di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ṣe fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Kí ìbò 2023 tó dé, ẹgbẹ́ méjì tó lórúkọ jù ní ìpínlẹ̀ wa ló gbé àǹkárá wá sí ìsọ̀ mi, ọ̀kan ṣáájú Kérésìmesì, èkejì lẹ́yìn ọdún tuntun. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi láti gé aṣọ ẹgbẹ́ kejì, mo rí i pé ènìyàn mọ́kànlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ ẹgbẹ́ kìíní fún tún wà nínú orúkọ tí wọ́n kó wá. N kò wulẹ̀ na téèpù sí wọn lára mọ́. Èjìká wọn kò yí padà, ikùn wọn kò yí padà, aṣọ nìkan ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́sẹ̀ kan náà, méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ń lu ara wọn nínú ìsọ̀ lórí ẹgbẹ́ wo ló dára jù, títí tí ọ̀kan fi gbé ìgò sókè. Gọ́tà iwájú ìsọ̀ mi ti dí láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Bí òjò bá rọ̀, orí àga ni a máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ránṣọ. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìjà gidi ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ń jà, àbí eré ni wọ́n ń ṣe fún wa wò? Bí ó bá jẹ́ eré, kí ni mo tún ń dìbò fún? Ìbéèrè kejì: ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, tí n kò ní dárúkọ, ṣì jẹ mí ní owó iṣẹ́ aṣọ ọgbọ̀n títí di òní. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ọ̀gá wa, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìwé ìwọ̀n yín, lẹ́yìn náà ni mo dákẹ́. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí pé aránṣọ ni ìyá mi náà ní Ṣàgámù. Ìwé onílà ni, tí etí rẹ̀ ti ká kò, tí wọ́n fi àjákù aṣọ so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kí àwọn ọmọdé má baà gbé e lọ. Pẹ́ńsù ni ìyá mi fi ń kọ ìwọ̀n sí i, kí ó lè pa á rẹ́ bí oníbàárà bá sanra. Kò sí ibi tí ó ń kọ èrò oníbàárà sí. Mo lérò pé tiyín náà kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ìjà gidi ni, fún ẹni tó ń du àga. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Ohun tí ẹni tó bá jókòó yóò ṣe, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ gbọ́ kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè jáde nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ pé èrò rẹ̀ lórí ilé ìwé tàbí ojú ọ̀nà yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ẹ wo ìpínlẹ̀ wa. Gbénga Daniel, ọmọ Ṣàgámù, fi ẹgbẹ́ PDP ṣe gómìnà láti 2003 di 2011. Láti 2023, abẹ́ àsíá APC ló ti ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Ògùn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ìbíkúnlé Amósùn, tó gba ipò gómìnà lẹ́yìn rẹ̀, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lábẹ́ PDP ní 2003, ó du ipò gómìnà lábẹ́ ANPP ní 2007, ó wọlé lábẹ́ ACN ní 2011, ó sì tún wọlé lábẹ́ APC ní 2015. Òfin kò kà á léèwọ̀, n kò sì sọ pé àwọn méjèèjì ṣe ohun tí àwọn olóṣèlú bíi tiwọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò ṣe. Mo kàn ń wò ó pé, bí aṣọ bá rọrùn láti bọ́ tó báyìí, kò yẹ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín torí rẹ̀ gbé ìgò.

Ìbò gómìnà ti ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023 ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi jù. Dàpọ̀ Abíọ́dún ló dúró fún APC, Ládi Adébùtù ló dúró fún PDP, ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ sì ni àwọn méjèèjì. Láti Ìmẹ̀kọ dé Abígí ni àwọn ènìyàn ti ń yọ ọ̀bẹ síra wọn lórí ọmọ ìlú kan náà méjì. INEC kéde ìbò 276,298 fún APC, 262,383 fún PDP, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 13,915. Ẹjọ́ rẹ̀ gba iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò, ó gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ìdí ìbò Abíọ́dún múlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Oṣù mẹ́wàá gbáko! Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan ní gáréèjì ní Ṣàgámù láàárín oṣù mẹ́wàá yẹn. Awakọ̀ kan gbé rédíò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èrò bí ogún pé lé e lórí, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí lọ́yà wí àti ohun tí adájọ́ fi dá a lóhùn, ọ̀kan nínú wọn sì mọ nọ́ńbà abala òfin tí ó ń tọ́ka sí lórí. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Gbogbo wọn ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, omi gáréèjì sì bo ẹsẹ̀ wọn títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Fún gbogbo wákàtí tí mo fi dúró de ọkọ̀, n kò gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ omi náà.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwa kò sunkún, ìran là ń wò, a kò sì ríran mọ́.

N kò kórìíra ìran wíwò o. Èmi ọmọ Rẹ́mọ kì í fẹ́ yin Ìjẹ̀bú-Òde lójú ara wọn, nítorí pé wọ́n á gbà á kọjá ibi tí mo fi í sí, ṣùgbọ́n kò sí ìran tó dùn mọ́ mi bí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá: àwọn ẹṣin ìdílé Balógun, ìlù, àti àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, tí wọ́n ń jó wọlé ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ tí ẹ̀yin aránṣọ ti sun oorun àìtó nítorí rẹ̀. Ìran tó mọ ara rẹ̀ ní ìran ni. Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹṣin á lọ sílé, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé òun ti ṣèlú tán nítorí pé òun jó dáadáa. Nínú regbérégbé kan náà ni ẹ ó ti bá ọmọ APC àti ọmọ PDP pẹ̀lú fìlà kan náà lórí, bí ìpàdé bá sì dé, ta ló san owó oṣù àti ta ni kò san án ni wọ́n ń bi ara wọn.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ó fi ń jẹ́ ẹgbẹ́ méjì ṣáá. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ wọ́n wa. INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74 ní oṣù kejì 2020, síbẹ̀ 18 ló kù tó kópa nínú ìbò 2023. Bí a ṣe ń ka ìbò ló fà á. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ló kó gbogbo agbára gómìnà. Ẹni tó ṣe ìkejì gbé àwo òfìfo lọ sílé. Nínú ìbò Ògùn tí mo sọ yẹn, ẹgbẹ́ ADC ní ìbò 94,754. Ẹni tó ṣe ìkẹta yìí kò rí kọ́mísánnà kan gbà nítorí rẹ̀, kò rí ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba kan. Nígbà tí ìbò mìíràn bá dé, àwọn tó dì í á sọ pé kí ìbò àwọn má tún ṣòfò, wọn á sì yà sí apá ọ̀kan nínú àwọn ńlá méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé kan, Maurice Duverger, ti ṣàlàyé èyí láti 1951: níbi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ń kó gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ méjì ni yóò máa ṣẹ́ kù sójú agbo. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé bóyá àwa Yorùbá ni a kò mọ ìṣèlú í ṣe.

Ó wá kù gọ́tà yín, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, títì àdúgbò, iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà. Bí ó bá jẹ́ pé títì àdúgbò ni ìsọ̀ yín wà, káńsù ló ni gọ́tà náà. Kì í ṣe Abùjá, kì í sì í ṣe ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè-Mọ́sàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má sì tú ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ká mọ́. Ìdájọ́ ńlá ni. Mélòó nínú àwọn oníbàárà yín ló mọ̀ nípa rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa ẹjọ́ gómìnà?

Ẹ wá gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n dìbò káńsù ní Ògùn ní oṣù kọkànlá 2024, APC ló gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ní Ọ̀yọ́ tí PDP ń ṣèjọba nígbà náà, PDP ló gba gbogbo 33. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ẹgbẹ́ méjì tó ń jà lókè, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìbò gómìnà Ògùn sí méjì ọgbọọgba, kò sí nílẹ̀ rárá níbi tí gọ́tà wà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí gómìnà bá ń ṣe. Àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ló ń darí ìbò náà, a kì í sì í ránṣọ fún un. Ẹ̀yin gan-an, ẹ kò sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni gbé àǹkárá káńsù wá fún yín. Ohun tí ìran ẹgbẹ́ méjì ń bò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ yín lè tó, òkùnkùn ló wà. Ibi tí iná pọ̀ sí, ọwọ́ yín kò tó o.

Ṣé kí ẹ máa dìbò? Ẹ máa dì í. Ní ìbò ààrẹ 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Àwọn tó jókòó sílé fi ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju àwọn tó jáde, ìran náà kò sì torí bẹ́ẹ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀. Ohun tí ń yà mí lẹ́nu nípa ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, tí gbogbo Yorùbá ń fi owó pè, ni pé ẹ kì í yá ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún náírà kan láìkọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ń fi ìbò ṣe sàráà. Nínú ẹgbẹ́ èésú, ẹ kì í bi ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe. Ẹ ń béèrè iye tó wọlé, ẹni tó kàn, àti ìdí tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò fi pé. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, ọ̀rẹ́ yín ni, ìyekan yín ni, ìwé á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú yẹn ni kí ẹ fi wo káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ wá orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nínú ìwé yín.

Ní ti gbèsè aṣọ ọgbọ̀n, mo ní ohun kan láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn yòókù lóhùn.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwé ní oṣù kìn-ín-ní 1955, láìsan kọ́bọ̀. Bàbá mi jẹ́ ọlọ́pẹ, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, àbúrò ìyá mi jẹ́ alákùkọ, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, a sì mọ ìdí tí olúkúlùkù fi wà níbi tó wà. Nísinsìnyí, bí mo bá bi àwọn ọmọ-ọmọ mi pé kí ni APC fẹ́ tí PDP kò fẹ́, wọn á wo ara wọn lójú. Ṣé ìṣèlú ló bàjẹ́ ni, àbí ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú?

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ojú yín ṣì ń ríran kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fi díẹ̀ pamọ́ fún wa nínú ìtàn náà.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí wọ́n ṣí ní Ọ̀wọ̀ ní 1951, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ ìlú yín darí, sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 pé, ilẹ̀kùn ṣí. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní 1955, ẹ̀yin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kún un. Ẹni tó fẹ́ bá wọn jà nígbà náà ní ohun tí yóò dì mú: owó orí tó ga, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò tó, olùkọ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Àríyànjiyàn tó ní ara tí a lè fi ọwọ́ bà nìyẹn. N kò rí irú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì tòní, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà kò rí i.

Èyí tí ẹ fi pamọ́ ni pé ọ̀pẹ àti àkùkọ tú ilé púpọ̀ ká. Lẹ́yìn tí Ọlọ́pẹ fọ́ sí méjì ní 1962, tí ẹgbẹ́ Dẹ́mọ (NNDP) jáde ní 1964, tí ìbò oṣù kẹwàá 1965 sì di wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn iná sísun, ẹni tí wọ́n bu epo bẹtiróòlù sí lára kò rí àyè béèrè ètò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fún ilé ìwé. Àkókò yẹn kan náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de Hubert Ògúńdé ọmọ Ọ̀sọsà, pé kí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ má ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ọdún 1964 ni. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni ó tó rí àyè padà. Mo máa ń rò ó pé ìjọba náà mọ̀ pé èrò tó ń wòran kò lè wo ojú agbo méjì pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wá rí ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ní 1989, àwọn ẹgbẹ́ 13 ló wá ìforúkọsílẹ̀, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida sì da gbogbo wọn nù, ó dá SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC onídì sílẹ̀, ó ní kí ọ̀kan súnmọ́ òsì díẹ̀, kí èkejì súnmọ́ ọ̀tún díẹ̀. Owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ́fíìsì fún àwọn méjèèjì káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n kò retí ni pé àwọn ènìyàn yóò fi ohun èlò náà ṣe iṣẹ́ gidi: ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, ìlú dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá kọjá ìlà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ẹni tó ni ojú agbo fagi lé e. Láti ìgbà náà, Ìyá wa, mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti pinnu láìsọ ọ́ jáde pé a kàn wá wòran ni, kí ojú má baà tún tì wá. Ó yé mi. N kò sì lérò pé ó sàn.

Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ-ọmọ yín ní ìbéèrè mìíràn nígbà tí wọ́n bá dé: kí ni ẹni tó ń ṣojú wọn ní ilé aṣòfin Abẹ́òkúta sọ pé òun yóò ṣe, ọjọ́ wo ló sì dá? Bí wọn kò bá mọ ọjọ́, kò sí ìlérí.

ÌBÉÈRÈ KẸTA, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́hùn-ún, pé ẹgbẹ́ méjì kan náà ni wọ́n ń gbé e yí láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, àríwo wọn sì ju tiwa lọ. Ṣé kò sí ibi tí ó ti yàtọ̀ ni? Kí sì ni ọmọ ogún ọdún bíi tèmi lè ṣe yàtọ̀ sí kí n máa tẹ fóònù?

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. George Washington ti kìlọ̀ fún wọn nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ní 1796 pé ẹ̀mí ẹgbẹ́ yóò máa ru ìbínú àwọn ará ìlú sí ara wọn. Wọ́n kà á, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Láti 1853, kò tíì sí ààrẹ kan níbẹ̀ tí kò wá láti inú Democrat tàbí Republican. Ní 2016, ẹni tí ìbò rẹ̀ fi nǹkan bí mílíọ̀nù 3 dín sí ti ẹnìkejì ló wọlé, nítorí bí òfin wọn ṣe ń ka ìbò ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀.

Ó sì yàtọ̀ níbòmíràn. Ní South Africa, ẹgbẹ́ tó bá rí ìdá 10 nínú 100 ìbò ni yóò gba nǹkan bí ìdá 10 nínú àga ilé aṣòfin, nítorí náà ìbò ẹgbẹ́ kékeré kì í dànù. Nígbà tí ANC, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba níbẹ̀, já sí nǹkan bí ìdá 40 ní 2024, ó di dandan kí wọ́n pe àwọn tí wọ́n ti ń bú síbi tábìlì kan náà kí ìjọba tó lè dúró. Èyí kò sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Ó kàn jẹ́ kí ìdúnàádúrà wáyé níbi tí àwa ti ń ju àga.

Ní ti ohun tí o lè ṣe, ọmọ mi, òfin kan wà tí a ṣe ní 2011, tí wọ́n ń pè ní Freedom of Information Act, tí ó fún ọ láṣẹ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba, kí o béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, láìsọ ìdí tí o fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí káńsù yín, kí o béèrè ohun kan péré: èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí, títì wo ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Má béèrè ohun mẹ́wàá, wọn á fi mẹ́sàn-án bo ìkẹwàá mọ́lẹ̀. Kọ ẹ̀dà méjì, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá lè rí ẹni mẹ́rin mìíràn fọwọ́ sí i, wá ẹni tó ń ṣe ẹgbẹ́ tí ìwọ kò ṣe mọ́ wọn. Má retí pé ẹnikẹ́ni yóò pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ yìí kò dùn ún wò rárá.

Ó KÙ GBÈSÈ AṢỌ ỌGBỌ̀N

Ọ̀gá Aránṣọ, mo padà dé. Ẹgbẹ́ kọ́ ló jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tó gbé àǹkárá náà wọ ìsọ̀ yín tí ó sì dá iye lé e ni. Ẹ wá a kàn nísinsìnyí tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ìlù ìbò 2027 bá ti ń dún. Bí ó bá ti kó kúrò ní ìlú, tàbí tí ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì, èyí tó ṣeé ṣe dáadáa, orúkọ àwọn ọgbọ̀n tó wọ aṣọ náà ṣì wà nínú ìwé yín, títí kan ìwọ̀n ọrùn wọn, kò sì sí èyí nínú wọn tí yóò fẹ́ kí ẹ máa pe orúkọ òun lójú ọjà. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé àǹkárá tuntun wá, ẹ jẹ́ kí owó àtijọ́ wọlé kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì, kí ẹ sì gba ìdajì ti tuntun sílẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló, kí ènìyàn lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó, ṣùgbọ́n mo lérò pé wọn kò ní bínú bí ẹ bá yá a lò fún ọjọ́ kan.

Àwọn ọmọṣẹ́ yín méjèèjì ni kí ẹ rán lọ sin owó náà, kí wọ́n jọ lọ. Èyí tó gbé ìgò nítorí ẹgbẹ́ náà ni kó ṣíwájú, kó sì jẹ́ òun ni yóò kan ilẹ̀kùn.